Lẹ́tà Tó Rí Bí Ẹsẹ̀ Èèrà

Ẹ wá wo Lucas o.

Ó ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Òkìtìpupa, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ.

Láti Èkó ló ti sáré wá, nítorí ìyá rẹ̀ tó dákú ní Igbotako lẹ́yìn tó mu oògùn ọ̀fìnkìn.

Ara Màmá ti ń yá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ọmọ wọn.

"Ẹ ta oògùn yìí fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ò sì kìlọ̀ fún un!"

Ọpẹ́yẹmí tó ni ṣọ́ọ̀bù ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má bínú, sà. Màmá ò sọ fún mi pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìkìlọ̀ wà lára ìgò, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ èèrà. Fọ́tò obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ló gba gbogbo ibẹ̀."

Lucas fọwọ́ lu káńtà. "Ọ̀dájú ni ẹni tó ṣe é! Kò ní dáa fún un!"

"Àmín!" Gbogbo oníbàárà ló ṣe é.

"Ẹ gbé ìgò náà wá, kí n mọ ilé iṣẹ́ wọn!"

Ọpẹ́yẹmí gbé e lé e lọ́wọ́.

Lucas wò ó. Ó fẹ́ ti ìgò náà bọ àpò.

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni, sà?"

Màmá ò jẹ́ kó dáhùn.

"Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ni. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ìgò níbẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ pé irú ẹ̀ ni kí o tà fún mi nìyẹn. Mo ní tí ewu kan bá wà níbẹ̀, ọmọ mi á ti kọ ọ́ gàdàgbà."