Ilé Tí Kò Lókùú

"Ojú oórì dà?"

Àárín pálọ̀ ni oníṣòwò gàrí tó wá láti Sakété dúró sí, ó ń fi bàtà kan káró tuntun dídán tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé, kó-kó-kó. Agbẹ̀bí tó fẹ́ ta ilé fún un rẹ́rìn-ín. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ohun tó ní ló kó sórí àlòkù ilé yìí ní Pobè, pé òun á tún un ṣe, òun á tà á lérè.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Bàbá tó kọ́lé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti hú egungun ẹ̀ lọ sí Towé. Martial, sọ fún wọn."

"Mo fọ́ oórì náà pátápátá," ni Martial bíríkìlà wí. "Ẹ lè jó lórí ẹ̀."

Ojú ọkùnrin náà fà ro. "Ẹ̀ẹ̀! Ilé tí kò lókùú, ta ni yóò máa bá mi ṣọ́ ọ tí mo bá lọ sọ́jà? Mi ò rà á mọ́."

Agbẹ̀bí sáré dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má lọ, ọ̀gá mi. Ohun yòówù tó bá gbà, màá ṣe é!"

Ọkùnrin náà wò ó láti gèlè dé sálúbàtà, bí ẹni ń yẹ ewúrẹ́ wò.

"Màmá, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Méjìdínláàádọ́rin."

"Àìsàn ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀."

"Ó dáa. Mo lè dúró dè yín."

Kí agbẹ̀bí tó lanu, irin tútù kan kàn án ní gìgísẹ̀. Martial ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, ó ń na mítà bọ̀ lókè, ó ń wọn gígùn ẹ̀.