Àgúnmu Ìtura àti Ẹ̀rí tí Alhájà Adéníkẹ́ Jẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tó ń dá gbé.

1.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Alhájà Adéníkẹ́. Ó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Okaishie, ní ìlú Accra, ó sì ń gbé ní New Town. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Alhájì Àkànó, ti kú, òun nìkan ló ń sùn, òun nìkan ló ń jí. Khàlíl, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Jámánì. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, ọ̀rọ̀ Khàlíl kì í ju "Màmá, mo wà níbi iṣẹ́, màá pè yín padà" lọ. Ẹ̀yin náà mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Alhájà ṣì máa ń se ìrẹsì ẹni méjì, á jẹ díẹ̀, á gbé èyí tó kù fún ará ilé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ kì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré rárá.

Ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló fi í sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, níbi tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olútáyọ̀ ti ń ta àgúnmu tó pè ní Ìtura. Mòríńgà, atalẹ̀ àti aáyù ló ní òun gún pọ̀. Láràárọ̀, Olútáyọ̀ á fi ohùn ránṣẹ́, á máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Alhájà Adéníkẹ́ wa, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti bi í kẹ́yìn bóyá ó sùn.

Ó ra àgúnmu náà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é láǹfààní. Ìgbẹ́ gbígbẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ, ó sì ń rí oorun sùn.

2.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń jẹ́rìí nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó kan Alhájà, ó fi ohùn ránṣẹ́ pé inú òun ti rọ̀, oorun òun ti dára. Ẹni mẹ́ta péré ló dá a lóhùn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún fi òmíràn ránṣẹ́:

"Ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ti ń bá yí láti ọdún mẹ́sàn-án ti lọ. Mo ti da oògùn ilé ìwòsàn nù."

Irọ́ ni o. Oògùn náà wà nínú báàgì rẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ wo bí àdúrà ṣe ń rọ́ wọlé. Wọ́n ń pè é ní Màmá Ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò rí rí ń pè é láti Kumasi. Olútáyọ̀ ní kí wọ́n pín ohùn rẹ̀ káàkiri. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Alhájì, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí fóònù rẹ̀ kò sinmi, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó sunkún.

3.

Ibi tí ọ̀ràn wà nìyí. Obìnrin tó ń kírun ni Alhájà, kò fẹ́ kí a bá irọ́ lẹ́nu òun. Nígbà tó mú oògùn rẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú tì í. Ó rò ó pé bí òun bá dá a dúró lóòótọ́, irọ́ òun á di òdodo. Bó ṣe kó oògùn náà sínú àpótí nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Sherifa, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì, wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn yín?"

"Àgúnmu ni mò ń lò."

"Mi ò ní kí ẹ má lò ó. Mòríńgà dára lára. Àmọ́ kò lè gba ipò oògùn yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo méjèèjì pọ̀, ẹ gbé e lọ fún dókítà kó wò ó, torí ewé mìíràn máa ń bá oògùn jà. Ẹ padà sí oògùn yín lónìí."

"Kí ni màá wá sọ fún wọn?"

"Fún àwọn wo?"

Nígbà tí Sherifa lọ tán, Alhájà gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ foríjì mí, irọ́ ni mo pa." Ó rántí bí àárọ̀ ṣe máa ń rí kí Olútáyọ̀ tó máa kí i. Ó pa ohùn náà rẹ́, kò sì lo oògùn.

4.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ló ṣubú sáàárín abọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Khàlíl wá, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá, iṣẹ́ sì pè é padà. Sherifa ló pe Olútáyọ̀ láti sọ fún un.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni ọkùnrin náà wí. "Ọlọ́run á wò wọ́n sàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kí gbogbo èèyàn, kò kí Alhájà. Kó tó di alẹ́, ó ti yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Ohùn tó fi jẹ́rìí ni wọn kò yọ.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn tó ṣubú, Alhájà jókòó ní ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń na apá àti ẹsẹ̀ fún un. Obìnrin kan láti Tema tó mú ọkọ rẹ̀ wá jókòó tì í. Bó ṣe rí ìró àti ìborùn rẹ̀, ó fi Yorùbá kí i. Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde.

"Màmá, ẹ gbọ́ ẹ̀rí Alhájà kan báyìí. Ohun tó wò ó sàn á wo ẹ̀yin náà sàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń da èmi náà láàmú, mo sì ti da oògùn tèmi nù láti Ọjọ́rú."

Ohùn Adéníkẹ́ ló ń dún, ó ń dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Alhájà fi ọwọ́ òsì di obìnrin náà mú pinpin. Ó fẹ́ sọ pé, "Má ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, itọ́ ń dà, "ẹ... ẹ..." nìkan ló ń jáde. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Obìnrin náà fi ìborùn nu ẹnu rẹ̀ fún un. "Ẹ má sunkún, Màmá. Ó ti yé mi. Màá mú díẹ̀ wá fún yín lọ́la."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ewé dára, èmi náà ń mu ún. Àmọ́ ẹ má fi ẹ̀rí ẹlẹ́rìí dá oògùn dókítà dúró, ẹ má sì fi ohun tí ẹ ń mu pamọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́rìí, ẹ má fi iyọ̀ sí i nítorí àtigba ìyìn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pe ìyá yín lónìí, kí ẹ sì bi í bóyá ó sùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.