Olè Tó Ń Kágò

Olè ni ẹni tó mú ohun olóhun láìgbàṣẹ. Àlejò ni ẹni tó kágò lẹ́nu ọ̀nà, tí onílé sì dá a lóhùn pé kó wọlé.

Bí Olúrótìmí Adéróunmú ṣe bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìwé ìtàn kan fún ìwé ìròyìn nìyẹn, nínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ní Bódìjà. Òun nìkan ló kù nínú ilé náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ sì ti ré kọjá òkun.

Ìwé náà dá lórí Àjàgbé, olè kan tí orí rẹ̀ kò pé tó. Kò sí ilé tó fẹ́ jà lólè tí kì í kọ́kọ́ kágò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Bí wọ́n bá dá a lóhùn, a wọlé, a jókòó, a jẹun. Ìgbà tó bá dìde tó fẹ́ máa lọ ló máa ń rántí ohun tó bá wá. Ohun kan ṣoṣo ni olóòtú ìwé ìròyìn fẹ́ kí Olúrótìmí, lámèyítọ́ rẹ̀, sọ fún òun: ṣé ó ṣeé gbàgbọ́?

Túnráyọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé òdìkejì, wọlé pẹ̀lú àgádágodo tuntun lọ́wọ́. Ó ka ojú ewé kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, olè wo ló ń kágò? Ṣé àna rẹ̀ ló wá kí ni? Ẹni tó kọ èyí ò rí olè rí." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ tún ti gbàgbé ilẹ̀kùn yín ní ṣíṣí. Rédíò yín ńkọ́? Mi ò gbóhùn ẹ̀ mọ́."

"Asọ̀rọ̀mágbèsì," ni Olúrótìmí fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. "Ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan."

"Àwọn atúnrédíò Agbowó yẹn! Ẹ tètè lọ gbà á o, kí wọ́n tó tà á jẹ."

Obìnrin náà rí abọ́ méjì tó wà lórí tábìlì, ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní dídé.

"Ta lẹ bu ìyẹn dè?"

"Bóyá ẹnì kan á yà."

Túnráyọ̀ wo àwòrán olóògbé lára ògiri, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Ẹ ṣáà máa tilẹ̀kùn." Ó gbé àgádágodo náà kalẹ̀, ó lọ.

Olúrótìmí fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì mú gègé rẹ̀.

"Ìparí ọ̀rọ̀ mi," ló kọ, "ni pé ìwé yìí ṣeé gbàgbọ́, nítorí ẹni tó gbé asọ̀rọ̀mágbèsì mi lọ kágò, mo dá a lóhùn, ó jẹ ẹ̀bà mi, ó bá mi tàkúrọ̀sọ, ó sì fọ abọ́ kó tó gbé e lọ; ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rí mi mọ ni pé n kò tíì lè sọ bóyá irú olè bẹ́ẹ̀ a máa padà wá."