Ọ̀rọ̀ Tó Ti Orí Òkè Kloto Sọ̀ Kalẹ̀

Dúró ná. Ìwọ tó ń kà á, gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kejì sílẹ̀, jókòó, kí o sì tẹ́tí. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tó ń gun òkè ni.

Èbúté Lomé ni Dàmọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Aristide, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti kọ́ ọ ní randonnée: kí ènìyàn di ẹrù tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, kó wọ igbó, kó gun òkè, kó sùn sínú àgọ́, kó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí Dàmọ́lá fi gba ẹ̀sìn náà ju ẹni tó wàásù rẹ̀ fún un lọ. Ó ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ó gbé e sórí tábìlì ilé wọn ní Tokoin Wuiti, ó sì ń wọn ohun gbogbo. Ó gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ó tú àmì ọrùn gbogbo ẹ̀wù wọn. Nígbà tí Ìyìn, ìyàwó rẹ̀, gbé Bíbélì sórí òṣùwọ̀n, ó mi orí.

"Ìyàwó mi, èyí wúwo ju àgọ́ lọ."

"Ṣé ká wá fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ ni?"

"Ṣebí o ní o ti há a sórí láti kékeré? Orí rẹ náà kúkú ń bá wa lọ."

Wọ́n fi Bíbélì sílẹ̀.

Ní ìjọ wọn ní Gbossimé, Màmá Àṣàbí ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn síta. Píà ni màmá náà ń tà, Kpalimé ló sì ti ń rà á, nísàlẹ̀ òkè Kloto gan-an. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní òun rí àwọn ọmọ méjì yìí tí wọ́n ń gòkè lọ, wọn ò gbé ìkòkò, wọn ò gbé ẹní.

"Kí ni ọ̀dọ́ ń wá lọ sórí òkè láìgbé oúnjẹ," ó bi wọ́n, "bí kì í bá ṣe ojú Olúwa?"

Ìjọ hó yèè. Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí orí òkè wà fún? Ìyìn fẹ́ dìde ṣàlàyé. Dàmọ́lá fa ìró rẹ̀.

"Jókòó, jàre. Àwa ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Àwọn Olókè, iwájú ni wọ́n sì ń jókòó sí.

Alàgbà ni Bàbá Isaiah, ọkọ Màmá Àṣàbí. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò san. Dókítà ti ní bí wọ́n bá fi falẹ̀, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

"Dókítà kọ́ ló dá ẹsẹ̀ mi. Àṣàbí, má sọ ọ́ sí mi létí mọ́. Bí Olúwa bá fẹ́ kí n lọ, á rán ẹnìkan sí mi láti orí òkè."

Òórùn egbò náà ti ń dé ìta.

Nígbà tí àwọn tọkọtaya náà fẹ́ tún lọ, Màmá Àṣàbí wá sílé wọn, ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun lè bí.

"Ẹ bá mi gbé orúkọ ọkọ mi lọ, ọ̀rọ̀ láti orí òkè nìkan ló ń dúró dè. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ilé mi ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kí ẹ tó wẹ̀ pàápàá."

"Kò burú, màmá," Dàmọ́lá dáhùn. "Orúkọ ò wúwo."

Lórí òkè, Dàmọ́lá já sàdíìnì, ó jẹ ẹ́, ó sì yìn ín pé agolo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ìyìn kúnlẹ̀ nínú àgọ́. Ó dé ibi "Olúwa, Bàbá Isaiah," oorun sì gbé e lọ. Ohùn ẹyẹ ló jí i.

"Ẹsẹ̀ ènìyàn ń jẹrà nítorí wa," ó wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"A ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn."

"Àwa náà ò sọ òtítọ́ fún wọn."

"Tóò, lọ sọ ọ́. Àga ẹ̀yìn pátápátá ni wọn yóò gbé fún wa."

Ìyìn wọ ilé Bàbá Isaiah tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró síta. Ìyìn fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó rí ẹsẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn. Lónìí."

"Ṣé ohùn orí òkè ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni, sà."

"Ó rọ̀ àbí ó le?"

"Ó ń bínú, sà."

Bàbá ní kí wọ́n mú bàtà òun wá. Màmá Àṣàbí ti di báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Takisí ti ń dúró níta. Ìgbàgbọ́ obìnrin yìí mà ga o, ni Ìyìn wí lọ́kàn ara rẹ̀.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n gé, ẹsẹ̀ dúró. Bàbá Isaiah fi ọ̀pá jó ní ọjọ́ ìdúpẹ́, gbogbo ìjọ jó. Ìyìn nìkan ni kò lè jó. Ó ti fi orúkọ Ọlọ́run parọ́. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ bá Màmá Àṣàbí nídìí àtẹ rẹ̀, ó wólẹ̀.

"Màmá, ẹ foríjì mí. A kì í gbàdúrà níbẹ̀. Rírìn la máa ń rìn. N ò gbọ́ ohùn kankan."

Màmá Àṣàbí gbé e dìde. "Ọmọ mi, mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rí yín ní Kpalimé tí ọkọ rẹ ń wọn búrẹ́dì, ọkọ tèmi ni kò gbọ́ ti dókítà, tí kò gbọ́ tèmi, ni mo bá wá ẹni tí màá gbé sórí òkè fún un." Ìwọ tó ń kà á, tí o jókòó ti egbò rẹ, tí ò ń retí ohùn, mo fi Olúwa bẹ̀ ọ́, dìde, kí o gbọ́ ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.