Ìkíni Àǹtí Àrínọlá Kọjá Ààlà

Rédíò tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nìkan ni mo fi ń gbọ́ ohùn ilé nílùú yìnyín yìí, ṣùgbọ́n òfin ní ìkíni orí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àǹtí mi Àrínọlá ń kí mi lọ́wọ́ láti Ìlá nígbà tí aṣojú òfin wọlé tọ̀ ọ́.

"Màmá, ẹ ti kọjá ààlà. Mo wá gba rédíò yín."

"Láìkí mi? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbì. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ kú ilé."

"Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàbá ẹ ńkọ́, ṣé ó ti san?"

Bó ṣe ń dáhùn lọ ni rédíò tó gbé kọ́ àyà ké: "Ìkíni ti ju ìṣẹ́jú kan lọ! Ìjọba yóò gba rédíò yìí!"

"Ó dáa," ni àǹtí mi wí, "tìẹ la ó kọ́kọ́ gbà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ tó fa àga jókòó. Láti ọ̀nà jíjìn, mo ní, "Àǹtí, ẹ kú àlejò o."