Ẹni Tó Ń Pè Lẹ́yìn Ẹ̀rọ

"Dúró ti súìṣì. Mò ń lọ kírun ọ̀sán," ni Ìyá Rámọ́tà wí fún ọmọbìnrin tó wá fi ọ̀sẹ̀ kan dán iṣẹ́ ìhunṣọ wò n'Ìkẹjà, kó tó mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe.

Kò pẹ́, ohùn kan pe orúkọ ọmọ náà láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kò réèyàn. "A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí," màmá rẹ̀ kì í yé sọ ọ́. Ohùn náà pè lẹ́ẹ̀mẹta. Kò jẹ́.

Ọ̀gá ló sáré wá pa súìṣì. Òwú tó já lẹ́yìn ẹ̀rọ ni Ìyá Rámọ́tà kọ́kọ́ yà lọ so kó tó lọ kírun, tí ẹ̀rọ fi fa ìborùn mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, sà."

Wọ́n gbé òkú jáde. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Ohùn náà tún pè.

"Mà!" lọmọ náà dáhùn.