Ìjábọ̀ Máníjà

Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti yọ ètò tuntun tó ń darí àwòrán lórí Linux, ètò tí kọ̀ǹpútà náà fi ń ṣiṣẹ́, kúrò, ó sì ń dá ti àtijọ́ padà. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì dúdú bí kóró iṣin. Máníjà ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ìjábọ̀ oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀ o!" ló ń sọ fún àwọn ọ̀gá tó yí tábìlì ká. "Ká ní ó ṣí ni, ẹnu ì bá yà yín!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni obìnrin náà dá a lóhùn.

Ó tan ẹ̀rọ náà padà. Ojú ẹ̀ tàn yanran. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ṣí ìjábọ̀ náà," ni alága àwọn ọ̀gá náà wí fún Máníjà.

Máníjà rọra sọ sí obìnrin náà létí: "Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi bà á jẹ́ padà."